Èènì Onísùúrù

Lethbridge, Kánádà
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kìn-ín-ní, 2024

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú ọyẹ́ pẹ̀lú, nítorí Monínúọlá sọ fún mi pé ọyẹ́ ọdún yìí ti la gbogbo ará Adó létè. Òtútù tibí kò ṣe é fẹnu sọ. Yìnyín bo ilẹ̀, àwọn màlúù dúró sínú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe, èmi tí mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta ni mò ń gbọ̀n.

Ẹ ti sọ fún mi pé fóònù wà fún kí a fi béèrè bóyá a ti jẹun, pé ọ̀rọ̀ tó bá ní egungun nínú, inú ìwé ni kí n kọ ọ́ sí. Mo ti jókòó báyìí, mo ń kọ ọ́. Monínúọlá ọmọ Bàbá Kékeré yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Fájuyì, yóò sì ya fọ́tò èsì yín fi ránṣẹ́ sí mi bó ti máa ń ṣe.

Dókítà Hollis, ọ̀gá tó ń darí ẹ̀kọ́ mi, ti gbà kí n fi màlúù mẹ́jọ tí Bàbá mi fi sílẹ̀ lóko ọ̀nà Ìyìn ṣe apá kejì ìwádìí mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá èèpo ẹ̀gẹ́, tí àwọn tó ń yan gàrí ń dáná sun lójoojúmọ́, lè mú màlúù sanra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ. Bó bá yọrí sí rere, àwọn ọlọ́sìn ilẹ̀ wa kò ní máa wo ẹran wọn kó máa rù lójú wọn. Bí kò bá yọrí, oṣù Kẹjọ ni ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ mi dópin, n kò sì ní ohun tí màá gbé síwájú wọn.

Bàbá Kékeré ti sá èèpo náà lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti di àpò méjìdínlógún, ọgọ́ta kóńgò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún wọn ní èèpo tútù, oró wà nínú rẹ̀. Màlúù mẹ́rin yóò máa jẹ kóńgò méjì-méjì láràárọ̀, mẹ́rin yòókù yóò máa jẹ kóńgò kọ̀ọ̀kan. Koríko wọn yóò dọ́gba. Ẹ máa fi rúlà nu orí kóńgò kó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kí ẹ sì máa kọ ohun tí wọ́n bá jẹ sílẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni, láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí. Ní Sátidé méjì-méjì, kí Bàbá Kékeré máa fi téèpù wọn àyà wọn fún mi, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń tóbi.

Ẹ̀yin ni mo fi kóńgò lé lọ́wọ́, Ìyá mi, torí ẹ̀yin ni mo fọkàn tán jù láyé.

Ọmọ yín,
Olúyẹ́misí


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
Ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kìn-ín-ní, 2024

Olúyẹ́misí ọmọ Adébọ̀wálé,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi gègé pupa sàmì sí àṣìṣe mẹ́ta, mo sì dárí jì ọ́. Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń ṣe bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé.

Iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ sóko. Àwọn ọlọ́kadà Òkè-Ìlá ti ń pè mí ní Màmá Onímàlúù, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Kí n tó dé, Bàbá Kékeré rẹ á ti gé koríko sílẹ̀. O mọ̀ pé Akọ̀wé ni mò ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé bàbá rẹ, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé tó ń gbé síléètì kiri. Ìyàwó kì í kúkú pe àbúrò ọkọ lórúkọ, ọkọ ni òun náà. Akọ̀wé tí kì í kọ nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ yàrá àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kóńgò wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti sọ àwọn màlúù rẹ lórúkọ, má bínú. Láàárín àwọn oníkóńgò-kan, abo pupa kan wà tí mo ń pè ní Onísùúrù. Bó bá ti jẹ tirẹ̀ tán, á gbé orí sókè, á wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń jẹ kóńgò kejì, á wá yíjú sí mi. Kò ní ké, kò ní kan nǹkan. Á kàn máa wò mí.

Rúlà yẹn ò bá mi lára mu. Mò ń nu kóńgò bó o ti wí, ṣùgbọ́n ìyá mi tó ta gàrí lọ́jà Ìyìn títí ọlọ́jọ́ fi dé kò nu kóńgò rí láyé rẹ̀. Bó bá wọ̀n ọ́n tó kún tán, á tún fi ọwọ́ bu èènì lé e. Ó ní èènì lèèyàn fi ń sọ fún oníbàárà pé mo rí ọ. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ ni.

Jẹun dáadáa. Àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́ yẹn, ọrùn rẹ ti gùn jù.

Ìyá rẹ,
Ayọ̀níkẹ́


Lethbridge
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì, 2024

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn ọ̀kadà. Mo ti rí àbájáde téèpù Sátidé mẹ́ta gbà. Nǹkan kan ń rú mi lójú. Àwọn oníkóńgò-kan ń sanra fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwọn oníkóńgò-méjì. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Dókítà Hollis béèrè bóyá ẹni tó ń wọn àyà wọn mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ Bàbá Kékeré bóyá ó ń fa téèpù náà le dáadáa.

Ìyá mi, ẹ má sọ màlúù lórúkọ mọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n ní. Bí èèyàn bá ti fún nǹkan lórúkọ, kò ní í lè wò ó pẹ̀lú ojú kan náà mọ́.

Olúyẹ́misí


Òkè-Ìlá
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta, 2024

Ọmọ mi,

O kú àìsùn ìwé. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá Kékeré rẹ ló wọn oúnjẹ fún wọn lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwọ ò pè mí, àfi ìgbà tí ara mi ti yá tán. Tó bá jẹ́ pé màlúù ló ní ibà, ò bá ti pè láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Eré ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n má fi gbogbo rẹ̀ ṣe eré.

Bàbá Kékeré rẹ mọ téèpù fà. Ní ti pé àwọn oníkóńgò-kan ń sanra, mo rò pé inú rẹ ni ì bá dùn. Ẹran bàbá rẹ ni gbogbo wọn.

Òjò kan ta sílẹ̀ lánàá, kò sì tó nǹkan.

Ìyá rẹ


Lethbridge
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹrin, 2024
(Ti Ìyá mi nìkan)

Ìyá mi,

Ẹ kú àárọ̀. N ò sùn dáadáa, ẹ foríjì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá le.

Wọ́n ní àpò ti tán lọ́jọ́ kẹfà oṣù yìí. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni mo ṣírò rẹ̀ sí, ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́rin ló tán. Mo ti ṣe ìṣirò náà títí orí fi fọ́ mi. Nǹkan bíi kóńgò kan ló ń kúrò lójoojúmọ́ tí kò yẹ kó kúrò. Ẹ̀yin ń fi rúlà nu kóńgò, a jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ yín ló ti ń jò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni náà sì ní ewúrẹ́ méje nílé.

Ó dùn mí láti kọ ọ́. Bàbá Kékeré ló gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé oúnjẹ màlúù lọ fún ewúrẹ́ rẹ̀ kò ní ráyè fa téèpù gún, bí nọ́ńbà mi ṣe dàrú nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí. Dókítà Hollis ní bí n kò bá rí àlàyé, òun ò ní gba apá ti Èkìtì wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, kó sọ òótọ́ fún yín. N ò ní bínú, òótọ́ nìkan ni mo nílò.

Olúyẹ́misí


Lethbridge
Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin, 2024

Ìyá mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pè yín lórí fóònù, ẹ ní ara yín le, ẹ ní ẹ ti jẹun, ẹ sì pa á. Monínúọlá kì í gbé ìpè mi mọ́. Téèpù tó kẹ́yìn kò tíì dé. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Ọmọ yín


Òkè-Ìlá
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2024

Olúyẹ́misí,

Ìwé yìí ti wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Mò ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mò ń ya á. Olúwakẹ́mi tó ń gbé lókè ilé wa ni màá bẹ̀ kó ya fọ́tò rẹ̀, kì í ṣe Monínúọlá.

Ìwé tí wọ́n bá kọ "ti Ìyá mi nìkan" sí lórí, ta ni kò ní kà á? Monínúọlá tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì lọ. Láti ọjọ́ kejì ni n kò ti rí bàbá rẹ̀ mọ́. Bí mo bá dé oko láàárọ̀, màá bá koríko ní gígé, màá bá omi nínú ọpọ́n, màá bá kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó ara ilẹ̀kùn. Òun ni n kì í bá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kúrò kí n má bàa rí ojú rẹ̀.

Ọmọ mi, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ń jò. Ọwọ́ mi ni.

Ní ọjọ́ kẹta tí a bẹ̀rẹ̀, Onísùúrù jẹ tirẹ̀ tán, ó sì wò mí. Mo ti nu kóńgò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà bí o ti wí. Mo dúró níbẹ̀, ìtìjú mú mi, bí ẹni pé oníbàárà ló dúró síwájú mi tí mo rẹ́ jẹ. Mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, mo bu ẹ̀kún rẹ̀ nínú àpò, mo dà á sí i. Èyí tó dúró tì í ń wò, mo bu fún òun náà. Bí mo ṣe bù fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ní n kò ní bù ú. Mo bù ú.

Má ṣe rò pé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Mo mọ ohun tí ìwọ̀n jẹ́. Mò ń sọ fún ara mi pé ẹ̀kúnwọ́ kan kò lè ba nǹkan kan jẹ́, pé èènì kì í ṣe ara ọjà. Nígbà tí o wá kọ̀wé oṣù Kejì, ó yé mi kedere. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ ọ́, n kò sì lè sọ ọ́, torí o ti kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi lo fọkàn tán jù láyé. Nígbà tí o fẹ̀sùn kan ẹni ẹlẹ́ni, mo tún dákẹ́. Èyí ni mi ò rí ibi tí màá gbé e sí. Bí mo bá wà lórí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá dé ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ojú mi kì í kúrò nílẹ̀.

Mo ti ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́ fún ọ, mo sì jẹ́ kí o ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ sọ sí mi, sọ ọ́.

Ìyá rẹ


Lethbridge
Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2024

Ìyá mi,

Mo bínú. Ẹ ní kí n sọ ọ́, mo ti sọ ọ́. Mo bínú débi pé mo jáde lọ dúró síbi ọgbà màlúù títí òtútù fi mú mi. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ò dùn mí tó dídákẹ́ yín. Ká ní ẹ ti sọ fún mi lóṣù Kejì, à bá tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo ka ìwé oṣù Kìn-ín-ní yín. Gbogbo rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀: rúlà, èènì, ojú màlúù. Ẹ ti sọ fún mi, n kò gbọ́. Nọ́ńbà ni mò ń wá.

Mo ti sọ òótọ́ fún Dókítà Hollis. Kò bínú. Ó ní oúnjẹ tí a kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣe é kọ sínú ìwé ẹ̀kọ́, kí n fi apá ti Èkìtì sílẹ̀, àyàfi bí mo bá rí ìwọ̀n náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fún mi kí ó tó pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Ìwé tí mo kọ sí Bàbá Kékeré wà pẹ̀lú èyí. N kò kọ "ti òun nìkan" sí i. Kí Monínúọlá kà á, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Mo bẹ̀ ẹ́ nínú rẹ̀ pé kó foríjì mí. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè kúnlẹ̀, ẹ̀yin sì wà nítòsí. Mi ò lè rán ìyá mi níṣẹ́ irú èyí. Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni.

Olúyẹ́misí


Òkè-Ìlá
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹfà, 2024

Ọmọ mi,

Mo rí ibi tí o ti jí "mo kàn ní kí n sọ fún ọ" mi lò. Mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àjíǹde.

Mo lọ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo gba ilé rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ lọ, mo wọlé, mo sì fi orúnkún tó ń dùn mí yìí kúnlẹ̀ síwájú ẹni tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù. Ìyàwó rẹ̀ sáré fẹ́ gbé mi dìde, mo kọ̀. Mo ní, "Akọ̀wé, ọkọ mi, èmi ni mò ń bu oúnjẹ yẹn. Mo sì jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ lólè."

Ó ní, "Ẹ dìde ńlẹ̀. Ulé yín ni ulé yìí, kì í ṣe kóòtù. Mo ti rí yín láti ọjọ́ kẹta."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀yin lọmọ máa bínú sí. Ó ń bẹ lókè òkun, ẹ̀yin nìkan lẹ kù fún un. Mo ní kó kúkú bínú sí mi." Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ló dùn mí. Ewúrẹ́ mi ò jẹ nǹkan ẹ̀gbọ́n mi rí." Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, Olúyẹ́misí. Ó ti ka ìwé tìrẹ. Ó ní Monínúọlá kà á fún gbogbo ilé, ó ní kí n sọ fún ọ pé uṣẹ́ rẹ kò gbọdọ̀ bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró dè mí lóko. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àpò. O mọ àwọn ilà èédú kan tí mo máa ń rí lára ògiri níbẹ̀? O ò lè mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ọjọ́ ló ń kà. Kì í ṣe ọjọ́. Gbogbo àárọ̀ tí mo bá bu èènì, ó máa ń fa ilà mẹ́rin, ọ̀kan fún màlúù kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi ní ibà, kò sí ilà, torí òun ló wọ̀n ọ́n, ó sì fi rúlà rẹ nù ún. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ náà, kò sí. Ó ní, "Ọmọ ní ká máa kọ ohun tí màlúù bá jẹ. Mi ò lè kọ ọ́ sínú uwé tí ẹ ó rí." Mo kà á. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ilà ó lé mẹ́jọ. Monínúọlá ya fọ́tò ògiri náà, ó wà pẹ̀lú ìwé yìí.

Mo ti ń pe ọkùnrin yẹn ní Akọ̀wé láti ogójì ọdún, n kò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ


Lethbridge
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹfà, 2024

Ìyá mi,

Mo fi ògiri náà han Dókítà Hollis. Ó wò ó títí. Ó ní a ti mọ iye ìgbà, ohun tó kù ni ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó ní, "Ṣé ọwọ́ ìyá rẹ ṣì wà?" Mo ní ó wà.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí Bàbá Kékeré lọ èèpo díẹ̀ sí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí Monínúọlá yá òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Kí ẹ bu ogún ẹ̀kúnwọ́, kí wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù. Ẹ má bù ú dáadáa jù, ẹ má sì ṣahun. Ẹ bù ú bí ẹ ṣe ń bù ú.

Olúyẹ́misí


Òkè-Ìlá
Ọjọ́ Keje, Oṣù Keje, 2024

Olúyẹ́misí ọmọ mi,

A ti ṣe é. Orí tábìlì ní yàrá àpò la kọ́kọ́ gbé òṣùwọ̀n sí. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́, ó jẹ́ àádọ́jọ gíráàmù. Ìkejì kò tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré rẹ mi orí, ó ní irọ́ ni, ìyẹn kọ́ ni ọwọ́ tí òun ń rí láàárọ̀. Òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe ń wo òṣùwọ̀n yẹn, ìka mi ń ká sínú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bá mi wí.

Ó wá ní ká gbé gbogbo rẹ̀ lọ síbi ìjẹ ẹran. Onísùúrù dúró síbẹ̀. A da kóńgò kan fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé orí sókè, ó wò mí. Mo bù ú. Bàbá Kékeré rẹ fi abọ́ gbà á kó tó dé ọpọ́n, Monínúọlá wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ogún fi pé. Gbogbo iye wọn wà nínú fọ́tò kejì, Monínúọlá ti ro wọ́n pọ̀, ó pín in sọ́nà ogún: igba gíráàmù ó lé mẹ́rìndínlógójì ni ẹ̀kúnwọ́ kan. Èmi náà tún un ṣírò, mi ò rí àṣìṣe. Fi iye ilà orí ògiri sọ ọ́ di púpọ̀, wàá rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tó dín nínú àpò rẹ mu.

Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ bó ṣe rí. Má sọ pé àṣìṣe ni. Sọ pé ìyá rẹ ni, kí o sì dárúkọ Bàbá Kékeré rẹ ní kíkún, Ayọ̀rìndé, pé òun ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ogún lo ní kí n bù. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ òṣùwọ̀n mọ́, mo bu ìkọkànlélógún. Bàbá Kékeré rẹ rí mi, ó wojú mi, ó yíjú síbòmíràn. Onísùúrù jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn, a ò wọ̀n ọ́n.

Ìyá rẹ,
Ayọ̀níkẹ́